Bọ́sárì Tí Mo Gbà Lórúkọ Bàbá Ẹlòmíràn

Ọdún tí bàbá mi fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ náà ni wọ́n fi kún owó ilé-ìwé wa ní yunifásítì. Kì í ṣe pé bàbá mi ló fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó dúró níwájú kíláàsì ní ilé-ìwé girama kan ní Ìsọlọ̀, ó ń kọ ìṣirò sójú pátákó, ni ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, kò lè mú un. Àwọn ọmọ kíláàsì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń bá àwọn ṣeré ni. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kú, ẹnu rẹ̀ sì ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo wà ní ọdún kejì nígbà náà, kẹ́mísírì ni mò ń kọ́. Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Industrial Estate, Ìsọlọ̀. Òun àti àwọn obìnrin bíi mẹ́wàá ló máa ń to bisikíìtì sínú páálí. Nígbà tí bàbá mi dùbúlẹ̀, ìyá mi bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n máa fi òun sí ṣíìfù méjì nígbàkígbà tí àyè bá ṣí. Bó bá ń wọlé bọ̀, òórùn fàníà tí wọ́n ń pò mọ́ bisikíìtì ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì ti wú débi pé mo ní láti bá a fa bàtà yọ. Bisikíìtì kì í wọ ilé wa. Kò sẹ́ni tó fòfin dè é, ó kàn jẹ́ pé kò wu ẹnikẹ́ni jẹ mọ́ ni.

Ilé-ìwé dá ọjọ́ tí wọ́n máa ti ìkànnì ìforúkọsílẹ̀ fún wa. Ẹni tí kò bá tíì sanwó kí ọjọ́ náà tó pé kò ní ṣe ìdánwò, ọdún rẹ̀ ti lọ lásán nìyẹn. Ọmọ kíláàsì mi kan ló sọ fún mi pé àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní bọ́sárì, owó ìrànwọ́ tí wọn kì í gbà padà. Ó ní kí n lọ wá ti ìpínlẹ̀ mi.

Ìsọlọ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ ni mo ti ká eyín àkọ́ká, ibẹ̀ ni mo ti kàwé títí mo fi wọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n ọmọ Èkìtì ni bàbá mi, ọmọ Èkìtì ni ìyá mi, nítorí náà Èkìtì ni wọ́n ń kọ sí iwájú orúkọ mi nínú gbogbo fọ́ọ̀mù láti kékeré. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo ti débẹ̀ rí. Ẹ̀kẹta nínú rẹ̀ la lọ sin bàbá bàbá mi.

Mo wọkọ̀ ní Òṣòdì, mo lọ. Obìnrin kan tó ti ń hewú díẹ̀díẹ̀ ló gbà mí lálejò ní ọ́fíìsì káńsù ìlú bàbá mi. Ó fún mi ní àga, ó tilẹ̀ fún mi lómi mu. Lẹ́yìn náà ló wá ń bi mí léèrè.

"Ṣé ibí ni wọ́n bí ẹ sí?"

"Rárá, mà. Èkó ni."

"Ilé-ìwé wo lo lọ níbí?"

"Mi ò lọ ilé-ìwé níbí, mà."

"Bàbá rẹ ńkọ́? Níbo ni wọ́n ń san owó orí sí?"

"Tíṣà ìjọba ni wọ́n ní Èkó, mà."

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún. "Ọmọ mi, mi ò sọ pé o kì í ṣe ọmọ wa. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń gbé ibí, tí àwọn òbí wọn ń roko níbí, àwọn gan-an ò tíì rí i gbà tán. Fọ́ọ̀mù èṣín ṣì ń bẹ nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn." Ó nawọ́ sí igun yàrá, níbi tí wọ́n to fáìlì jọ sí dé ojú fèrèsé. "Padà sí Èkó. Ibi téèyàn ń sanwó orí sí ló yẹ kó ti jẹ ẹ́."

Mo padà sí Èkó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́yìn káńtà ní ọ́fíìsì tí mo lọ gba fọ́ọ̀mù ka orúkọ bàbá mi sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Sísí, orúkọ yìí ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Ẹ lọ gba tiyín lọ́dọ̀ yín."

Mo ní ibí ni wọ́n bí mi sí. Mo ní bàbá mi ti ń kọ́ àwọn ọmọ Èkó kí n tó dáyé. Ó ní òun gbọ́, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ó ní ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ni àwọn ń béèrè, àwọn ò béèrè ibi tí wọ́n bí èèyàn sí. Ó wá na ọrùn wo ẹni tó tò sẹ́yìn mi.

Alhájà, onílé wa, ló bá mi lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ náà. Mo jókòó ti kànga, mo ń sunkún. Ọmọ Ìsọlọ̀ pọ́ńbélé ni Alhájà, ilé tí à ń gbé yẹn, orí ilẹ̀ bàbá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, ìyẹn sì ti kú láti bí ọdún mọ́kànlá. Láti ìgbà tí bàbá mi ti dùbúlẹ̀, kò béèrè owó ilé lọ́wọ́ wa. Bó bá se ẹ̀kọ, ó máa ń gbé ti bàbá mi wá fúnra rẹ̀.

"Ta ló kú?" ó bi mí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti Èkìtì àti ti Èkó. Ó ń fi ìka ẹsẹ̀ tẹ òkúta kan mọ́ ilẹ̀.

"Ọmọ mi tó kú, ọmọ ìbílẹ̀ ni," ó ní. "Gbogbo ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, títí kan ìwé ikú rẹ̀. Òun ni ká kọ pé ó bí ọ."

Mi ò kọ́kọ́ lóye ohun tó ń sọ. "Alhájà, bàbá mi wà láàyè."

"Ta ló ní kó kú? Mo ní ká kọ ọ́ ni. Wọ́n á kọ pé ọmọ mi ló bí ọ, ó kú, Tíṣà gbà ọ́ tọ́, ìdí nìyẹn tí o fi ń jẹ́ orúkọ Tíṣà. Kí ló ṣòro níbẹ̀?"

"Ṣé wọn ò bímọ kankan ni, mà?"

Ó gbójú kúrò lára mi. "Kò sọ́mọ kankan lọ́dọ̀ mi," ó ní.

Mo gbọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ó yàtọ̀ sí pé kò bímọ. Mo gbọ́ ọ yékéyéké lọ́jọ́ náà, mi ò sì bi í síwájú sí i, nítorí mi ò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn.

Fọ́ọ̀mù náà ní ibi tí alágbàtọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Ìyá mi ló gbé e lọ bá bàbá mi, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Tíṣà, ẹ bá wa fọwọ́ sí ibí." Ó rò pé kò ní kà á. Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í fọwọ́ sí ohun tí kò kà. Ó kà á láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó ń máàkì ìwé ìdánwò, ojú rẹ̀ ń dúró lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó gbójú sókè.

"Ta ni… alágbàtọ́?"

"Ẹ̀yin ni," ìyá mi dá a lóhùn.

Bàbá mi wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì, ìyẹn tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n fún òun ní bíìrò. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń fi ọwọ́ òsì kọ lẹ́tà a-b-d sínú ìwé kan, kí ó lè tún kọ̀wé lọ́jọ́ kan. Ó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ó wọ́ gbágungbàgun bíi ti ọmọ pámárì wáànù. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbà yẹn.

"Mo ti na… ọmọ ọlọ́mọ… torí pé wọ́n jí ìwé wò."

Ó kọjú sí ògiri. Ìyá mi gba fọ́ọ̀mù, ó sì lọ síbi iṣẹ́.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mò ń lọ jókòó ní pálọ̀ Alhájà kí ó lè kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Fọ́tò ọkùnrin náà wà lára ògiri lókè tẹlifíṣọ̀n, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó ti fìlà sẹ́yìn. Nígbà ayé rẹ̀, ó ń ṣàtúnṣe ọkọ̀ tó ń gbẹ́rù ní pápákọ̀ òfuurufú, lẹ́bàá Àjàó Èsíteètì. Àpá kan wà lókè ojú rẹ̀ òsì, orí igi àgbálùmọ̀ ló ti já bọ́. "Ìyàwó mi" ló máa ń pe ìyá rẹ̀. Ó máa ń súfèé nínú ilé, bí wọ́n bá sì bá a wí pé ejò ló ń pè, á ní kó wá, òun fẹ́ rí i. Etí rẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ràn dáadáa, nítorí náà apá òsì lèèyàn máa ń bá a rìn. Ó máa ń gba súìtì lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bàálù, á kó o sínú àpò ẹ̀wù, á máa pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò.

Alhájà máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ ọ́. Mo rò pé kò tíì rí ẹni tó jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín. Bí mo bá ṣì í sọ, á ní kí n tún un sọ.

Lẹ́yìn náà la lọ sí kóòtù láti búra. Alhájà di Kùránì mú, ó sì búra pé ọmọ kan ṣoṣo ni ọmọ òun fi sáyé lọ, èmi sì ni. Olórí àdúgbò fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé Alhájà ń parọ́ ní Ìsọlọ̀.

Àwọn mẹ́ta ló fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ní ọ́fíìsì bọ́sárì. Obìnrin tó jókòó láàárín ni olórí wọn. Ó wo ìwé ikú, ó wo mí.

"Pẹ̀lẹ́. Kí lo rántí nípa bàbá ẹ?"

Mo sọ ti àpá. Mo sọ ti súìtì. Nígbà tí mo dé ibi pé apá òsì lèèyàn máa ń bá wọn rìn, mo rántí pé apá òsì ni mo máa ń dúró sí báyìí bí mo bá ń ran bàbá mi lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwẹ̀, nítorí apá òsì nìkan ló fi ń mọ ọwọ́ èèyàn lára. Mo bú sẹ́kún. Wọ́n rò pé òkú ni mò ń sun. Obìnrin náà fún mi ní áńkáṣíìfù rẹ̀.

"Ẹni tó fọwọ́ sí i níbí ńkọ́?"

"Alágbàtọ́ mi ni, mà. Tíṣà ni wọ́n."

"Wọ́n ṣeun o. Bá wa kí wọn."

Mo ní wọ́n á gbọ́.

Orúkọ mi jáde. Owó wọlé nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n ti ìkànnì, mo san án lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyá mi pa adìyẹ kan, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì fún Alhájà. Bàbá mi jẹ tiẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri.

Ó tó oṣù kan lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Àìkú, ìyá mi wà níbi iṣẹ́, Alhájà ti lọ sí àsàlátù, èmi ń fọ aṣọ bàbá mi lójúde. Ẹnìkan ń kan géètì. Mo ṣí i. Ọmọbìnrin kan ló dúró síbẹ̀, yóò fi bí ọdún méjì kéré sí mi, ó di fáìlì kan mọ́ àyà. Kò tíì lanu tí mo fi mọ̀ ọ́n. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì wo ojú yẹn lára ògiri.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, àǹtí. Mo ń wá Alhájà."

"Wọn ò sí nílé."

"Ọmọ ọmọ wọn ni mí. Ó ti pẹ́ tí wọn ò rí mi, mo ṣì kéré nígbà náà." Ó wo inú ọgbà láti ibi tó wà, bí ẹni tó ń wá ohun tó lè dá mọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹbí ni yín?"

"Ayálégbé ni mí."

Ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀ nígbà tó gbọ́ pé èmi kì í ṣe ẹbí, ló bá ń sọ̀rọ̀. Àdúgbò Ailegun lòun àti ìyá rẹ̀ ń gbé, aṣọ ni ìyá rẹ̀ ń rán. Ó rí ààyè láti kàwé ní pólì. Ó gba fọ́ọ̀mù bọ́sárì, ó kó ẹ̀dà ìwé bàbá rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lọ, wọ́n sì sọ fún un pé ọmọ olóògbé náà ti gbà á, pé ìyá olóògbé fúnra rẹ̀ ló búra pé kò sí ọmọ mìíràn. Wọ́n ní ayédèrú ni òun. Wọ́n fi yíǹkì pupa kọ nǹkan sórí fọ́ọ̀mù rẹ̀, wọ́n sì gba ìwé ikú tó mú dání.

"Àǹtí, ibí lẹ ń gbé. Ṣé bàbá mi bí ẹlòmíràn síta ni? Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ọwọ́ mi ṣì kún fún ọṣẹ.

"Mi ò mọ̀," mo ní. "Mo ní ayálégbé lásán ni mí."

Ó dúpẹ́. Ó ní kí n bá òun sọ fún Alhájà pé òun wá. Ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí bébà kékeré kan fún mi, ó sì lọ.

Fèrèsé yàrá bàbá mi kọjú sí géètì. Nígbà tí mo wọlé, ojú rẹ̀ wà lára mi. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbìyànjú láti dìde, kò lè dìde, itọ́ ń dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀.

"Pè é… padà."

Mo sáré jáde. Mo sáré dé ojú títì, mo wo apá ọ̀tún, mo wo apá òsì. Kẹ̀kẹ́ Márúwá mẹ́ta ló ń lọ, mi ò mọ èyí tó wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mi ò pè é.

Nígbà tí Alhájà dé, mo jíṣẹ́ fún un. Ó jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn jù lọ, kò yọ ìborùn rẹ̀.

"Ṣé ó sanra?" ó bi mí.

"Ó tín-ín-rín, mà."

Ó sọ ìtàn náà fún mi nígbà náà, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ kú, àwọn mọ̀lẹ́bí ní kí ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú yàrá. Alhájà ò sọ pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó gbé ọmọ, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì búra pé ilé yìí ò ní rí ọmọ náà mọ́. Alhájà ránṣẹ́ títí, kò rí i. Nígbà tó yá, inú ló ń bí i, ó sì ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọmọ òun kò fi ọmọ sáyé.

"Mo ti sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi nira fún mi láti búra pé kò sí ọmọ mìíràn," ó ní.

Mo bẹ̀ ẹ́ kí a jọ lọ sí ọ́fíìsì náà lọ sọ òtítọ́. Ó mi orí. "Kí n lọ sọ fún wọn pé mo di Kùránì mú, mo sì búra èké? Ní ọjọ́ orí mi yìí?" Ó wọ yàrá lọ. Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí tó fi kú.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kí n tó lọ. Mo lè sọ pé ìdánwò ló dá mi dúró, òótọ́ sì ni pé mò ń ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹsàn-án ni ìdánwò tó kẹ́yìn, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ dúró títí mo fi ṣe é tán. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, bàbá mi kì í jẹ́ kí n bọ́ òun lóúnjẹ. Á dúró de ìyá mi.

Obìnrin tó fún mi ní áńkáṣíìfù ni mo lọ bá. Mo sọ fún un láìjókòó. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó padà jókòó.

"Ṣé o ti sọ èyí fún ẹlòmíràn nínú ọ́fíìsì yìí?"

"Rárá, mà."

"Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ? Bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ọlọ́pàá ni. Ìwọ, ìyá àgbà tó búra, àti bàbá rẹ tó fọwọ́ sí i. Ṣé bàbá rẹ lè rìn dé tésàn?"

Mo ní wọn ò lè rìn dé géètì.

"Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́, mà? Ṣé wọ́n lè fún òun náà?"

"A ti ti ìwé ọdún yìí. Owó ti jáde." Ó fọwọ́ nu iwájú orí. "Ìwọ ni mo tilẹ̀ fi ṣàpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ mi nílé. Mo ní ẹ wo ọmọ tí kò ní bàbá." Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi. "Má tún wá tọrọ bọ́sárì níbí mọ́. Ohun tí mo lè ṣe fún ọ nìyẹn."

Láti ibẹ̀ ni mo ti pe nọ́ńbà náà.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ni mo bá a ní Ailegun. Ìyá rẹ̀ ti lọ gbé aṣọ fún oníbàárà. Ó wọ aṣọ tí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe àpò ọ̀rá sí, ó ń múra ṣíìfù ọ̀sán. Ó ti gbaṣẹ́ ní Industrial Estate láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ó ní pólì ti gbé ààyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn, nítorí kò rówó san.

Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo jù ú lọ. "Èmi ni," mo ní. "Èmi ni wọ́n búra fún."

Kò pariwo. Ó fà mí sínú ṣọ́ọ̀bù kí àwọn tó ń kọjá má baà máa wò wá. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ẹ̀yin lẹ ṣílẹ̀kùn fún mi lọ́jọ́ yẹn."

"Èmi ni."

"Ẹ sì wo ojú mi."

Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohun tí mi ò retí ló sọ.

"Wọ́n ní wọ́n máa ń béèrè nípa bàbá níbẹ̀. Wọ́n bi èmi náà. Mo ní mo rántí súìtì nínú àpò ẹ̀wù, wọ́n ní gbogbo ọmọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Kí lẹ̀yin sọ?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ti igi àgbálùmọ̀ àti àpá ojú òsì. Mo sọ ti bó ṣe ń súfèé nínú ilé àti ti ejò. Mo sọ pé "Ìyàwó mi" ni bàbá rẹ̀ ń pe Alhájà, mo sọ ti etí ọ̀tún. Gbogbo ohun tí ìyá àgbà náà fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ mi ni mo sọ. Kò mọ ìkankan nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n máa dárúkọ ọkùnrin náà nílé. Ó ń gbọ́ mi bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ìlú tí wọn ò gbà kó dé rí. Ó ní kí n tún ti ejò sọ. Nígbà tí mo tún un sọ, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà wá di ẹkún, ó sì fi aṣọ oníbàárà kan tó wà lórí ẹ̀rọ bojú.

"Ẹ máa lọ," ó ní. "Ṣíìfù ti fẹ́ẹ̀ tó."

Alhájà ránṣẹ́ sí wọn ní Ailegun lọ́dún yẹn, ó fi àpò ìrẹsì kan àti aṣọ àǹkárá ránṣẹ́. Ìyá ọmọ náà dá gbogbo rẹ̀ padà láìtú u. Alhájà kú nígbà òjò tó tẹ̀ lé e. Wọn ò wá.

Ní ti èmi, mi ò rí owó san lọ́dún kẹta. Mo jókòó sílé fún ọdún kan, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé olówó ní kẹ́mísírì ní Àjàó Èsíteètì, kí n tó padà. Bàbá mi kú kí n tó ṣe ìdánwò àṣekágbá. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà kí n bọ́ òun nígbà náà. A ò sọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yẹn láàárín ara wa rí.

Lẹ́yìn tí mo ṣe ìsìnrúùlú tán, mo gbọ́ pé ìjọba ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, tí wọn ò béèrè ìwé ọmọ ìbílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo pe ọmọbìnrin náà. Inú mi dùn bí mo ṣe ń pè é, mo rò pé mo rí nǹkan gidi gbé fún un. Ariwo ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní ohun tó kù kò ju kó tún wá ààyè sí pólì, mo ní èmi máa bá a kọ gbogbo rẹ̀ lórí ìkànnì.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Àǹtí, wọ́n ti fi mí ṣe súpáfáísọ̀ níbí," ó ní. "Mo ti bímọ kan. Ìgbà wo ni mo fẹ́ kàwé?"

Mo ní ó ṣì lè kà á. Mo ní ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pọ̀.

"Ẹ ṣé," ó ní. "Ẹ má pè mí mọ́, ẹ jọ̀ọ́."

Mo ní kò burú. Òun ló kọ́kọ́ gé fóònù. Mi ò pè é mọ́ láti ìgbà náà.